Ìlà Kan Tó Kún fún Àmì Ìbéèrè

Ọdún kọkànlá rèé tí Àǹtí Ṣókí ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é níbi iṣẹ́ kì í ṣe orúkọ ẹ̀tàn. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti kọ ìlà mẹ́fà láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kó ṣe tibí, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kó ṣe tọ̀hún, ìlà kan ṣoṣo ni tirẹ̀: àmì ìbéèrè kan, kólọ́ọ̀nù kan, ó parí. Èdè kọ̀ǹpútà tó bá gbà á láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń wù ú. Èyí tó bá ń ní kéèyàn kọ "parí" sí ìdí gbogbo "bí" tó bẹ̀rẹ̀, ó ní irú èdè bẹ́ẹ̀ ń rojọ́ ni.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wọn gba ọkùnrin kan síṣẹ́ tí kò ríran. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin náà fọwọ́ wá etí tábìlì rẹ̀, ó jókòó, ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí kan, ó ní, "Ẹ máa pè mí ní Elétí, kẹ́ ẹ má baà máa wá orúkọ tó dáa kiri." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ara tu gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń ka iṣẹ́ sí i létí, ó sì ń sáré kà á débi pé ẹlòmíràn á rò pé kòkòrò ló ń kùn.

Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi wá sídìí tábìlì Àǹtí Ṣókí. Ètò tí wọ́n ṣe fún ilé ìwòsàn kan ló ń kà lọ́wọ́, èyí tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, pé kí wọ́n má jẹun fún wákàtí báyìí kí wọ́n tó wá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìlà igba ó lé méjìlá. Ẹ bá mi kà á sókè."

"Kí ló ṣe é?"

"Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò mọ ibi tó forí lé."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Bó bá jẹ́ àárọ̀, àmì ìbéèrè, mẹ́wàá, kólọ́ọ̀nù, bí ọjọ́ orí bá..." Ó dé ìdajì, ó sọnù, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ìlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó tún ti fi yangàn lójú ẹlẹgbẹ́ rí.

"Ojú ni wọ́n fi ń kà á," ló bá sọ. "Wọn kì í fi etí kà á."

Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dáwọ́ dúró.

"Mo gbọ́ mà," ni Elétí wí, ó sì padà sáyè rẹ̀, ó ń fìka tọ ẹ̀yìn àwọn àga lọ.

Kò sẹ́ni tó bá Àǹtí Ṣókí wí, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ojú tì í jù. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó mú ohun ìgbọ́rọ̀ tirẹ̀, ó ní kí kọ̀ǹpútà rọra ka ìlà náà, ó dijú. Lẹ́ẹ̀kíní, àmì lásán ló gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fìka ka ìbéèrè náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó yé e. Ìbéèrè àárọ̀ ló ṣáájú ìbéèrè ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n bá fi sí àárọ̀ kò ní dé ibi tí wọ́n á ti béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ rárá. Wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n á ní kó fi gbààwẹ̀ bí àgbàlagbà, dípò mẹ́rin. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú rẹ̀ ti ń gba orí ìlà yẹn kọjá, torí pé ó dáa wò.

Ó pe ilé ìwòsàn náà lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbé e.

"Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn? A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àwa fúnra wa la máa ń pe àwọn ìyá ọmọ pé kí wọ́n má dá a lóhùn."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"A rò pé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe nìyẹn ni."

Ó bẹ̀ ẹ́, ó dúpẹ́, ó wá gbé àga lọ sídìí tábìlì Elétí.

"Má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mo ti gbọ́ ìlà yẹn. Àṣìṣe wà níbẹ̀."

"Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé àṣìṣe ni mà. Mo kàn sọnù sínú ẹ̀ ni."

Wọ́n jọ tún un kọ. Ọmọdé ló ṣáájú: bó bá jẹ́ ọmọdé, wákàtí mẹ́rin, kó jáde níbẹ̀. Elétí ní ohun tí òun fẹ́ nìyẹn, kí ọ̀rọ̀ kan parí kí òun lè gbé e sílẹ̀, torí etí kì í lè ru ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dán an wò, ó ṣiṣẹ́, wọ́n fi ránṣẹ́.

"Á jẹ́ pé àwọn èdè tó ń rojọ́, tó ń kọ 'parí' káàkiri, lo fẹ́ràn?" ni Àǹtí Ṣókí béèrè.

"Ó máa ń sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ti tì. Àwọn èdè tó ń fi àlàfo lásán pààlà, ṣe ni kọ̀ǹpútà á máa pè é fún mi: àlàfo mẹ́jọ, àlàfo méjìlá, bí ẹni ń ka àtẹ̀gùn."

Àǹtí Ṣókí rẹ́rìn-ín. "Àwọn èdè tó ní 'àyàfi' ńkọ́? Ìyẹn ò gùn, ó sì yéni."

"Háà, mi ò fẹ́ ẹ. Wọ́n á ní kí n ṣe nǹkan, màá ti gbà pé mò ń ṣe é, 'àyàfi' á wá yọjú níparí ìlà."

"Ibẹ̀ ló ti dùn."

"Fún ẹ̀yin nìyẹn mà."

Ẹnu wọn kò kò. Orí ẹ̀ ni wọ́n ṣì wà tí àwọn yòókù fi wọlé, ẹni ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ṣáájú. Ó ń wò wọ́n lójú tìfuratìfura, ó béèrè pé ṣé kò sí o.

"Lórí 'àyàfi' ni," ni Elétí dáhùn.

Ọkùnrin náà sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àga kan sọ́dọ̀ wọn. Ó ní ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ òun lẹ́nu.