Àwọn Tó Sùn Nílé Mọ́jú

Ìlú náà kò ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Òkè dí i lẹ́yìn, odò dí i níwájú, àwọn ilé tò sáàárín, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti di ahoro. Ká má purọ́, ewúrẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ. Ọ̀rọ̀ tó wá gbòde ni pé bí iye wọn bá fi dín sí ti ìkànìyàn tó kọjá, ìjọba yóò kó gbogbo wọn lọ sí òdìkejì òkè.

Obìnrin kan, ọmọ ìlú náà gan-an, ni akànìyàn tí wọ́n rán wá. Bàbá rẹ̀ ṣì ń dá gbé ibẹ̀, ó sì ti búra pé òun kò ní fi ibojì ìyàwó òun sílẹ̀ lọ ibì kankan. Bí wọ́n bá fi tipátipá gbé e, ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé kò ní pẹ́ kú. Ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bó ṣe ń lọ láti ilé dé ilé.

Òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá sùn nílé mọ́jú ni kó kà, kó sì fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kan ilé bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Àwọn wo ló sùn síbí mọ́jú òní?"

"O ò mọ̀ ni? Èmi àti ìyá rẹ."

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí Màámi ti..."

"O bi mí, mo dá ọ lóhùn."

Àánú ṣe é. Ó kọ méjì. Nígbà tó ti ṣe é fún ilé tirẹ̀, ojú tì í láti fi du àwọn yòókù. Aránṣọ tó jẹ́ opó ní ọkọ òun wà ní yàrá, ó kọ ọ́. Káfíńtà ka àwọn ọmọ rẹ̀ tí odò ti gbé lọ, ó kọ wọ́n. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó kàn ń tu ara rẹ̀ nínú pé irọ́ àánú ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀gá rẹ̀ dé láti tún wọn kà. Ọkùnrin yìí kì í gbojú fo nǹkan kan. Obìnrin náà jókòó sínú ọkọ̀ ọ̀gá títí ọ̀gá fi padà dé.

"Iye rẹ pé," ọ̀gá ní. "Gbogbo wọn ni mo rí. Aránṣọ yẹn àti ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ ń jà lórí àga."

"Ẹ rí wọn, sà?"

"Ṣé mo fọ́jú ni? Ìyá rẹ ló ṣe mí láàánú. Ó ń fọwọ́ òsì gbálẹ̀, ó ní kí n bá òun bi ọ́, kí lòun ṣe fún ọ tí o fi wọlé láàárọ̀ tí o ò kí òun?"

Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá obìnrin náà lóòótọ́, kò sì sọ ọ́ fún ọ̀gá rí. Ó sáré délé. Wọ́n ti gbá àgbàlá mọ́ tónítóní, bàbá rẹ̀ sì ń mi orí.

"Inú ń bí i," bàbá ní. "Wọlé lọ bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rù bà á gan-an, ṣùgbọ́n àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ ju ẹ̀rù lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Màámi, ẹ má bínú. Mi ò rí yín ni."

"Ṣé o ti wá rí mi báyìí?" Ohùn náà sún mọ́ ọn débi pé ó gbọ́ èémí rẹ̀.

Ó gbójú sókè. Ibùsùn nìkan ló rí, àti ògiri.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," ó ní. "Mo rí yín."