Ògiri Àjọní

"Wá wò ó, ó ti tún gùn sí i!"

Rosalind ki ìka bọ ibi tí ògiri ti lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Martin ọmọ rẹ̀ ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Mọ́mì, mo ti sọ fún yín. Clive aládùúgbò yín ló ń wó ààrò bíríkì ara ògiri ilé rẹ̀, kò sì gba àṣẹ káńsù ìlú. Ẹ má bi í o. Irọ́ ni yóò pa fún yín."

Bí Rosalind ṣe dijú mọ́ Clive nìyẹn. Ilé àwọn méjèèjì so mọ́ra, bíi gbogbo ilé àtijọ́ àdúgbò wọn ní ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Níta, gbogbo ilé náà jọra bí ìbejì, káńsù ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan padà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí oníkálukú ń ṣe tó bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí? Bí Clive bá gbé àpò jáde báyìí, Rosalind á yọjú lójú fèrèsé: àfọ́kù bíríkì kọ́ nìyẹn?

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gbé kéèkì, ó lọ kanlẹ̀kùn.

"Háà, Rosalind! O ṣì mọ ilé mi? Mo kí ọ lẹ́ẹ̀kan, o ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

"Má dá mi lóhùn jàre, iṣẹ́ ló pọ̀." Ojú rẹ̀ ti ń wá kiri. "Wọ́n ní o ti tún ilé ìdáná rẹ ṣe."

"Èmi kẹ̀? Sọ̀kalẹ̀ wá, kó o wá wo ẹ̀gbin."

Ààrò ńlá náà wà nísàlẹ̀ gbágbáágbá, ó dúdú fún èéfín, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ojú ti Rosalind. Clive gbé tíì fún un.

"Ilé ìdáná tìẹ ni mo ń jowú," ó ní. "Látìgbà tí Martin ti tún un ṣe ló ti fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbo ló ti rí àyè?"

Rosalind gbé tíì náà sílẹ̀. Ó sáré relé. Ibi tí fíríìjì rẹ̀ wà, ààrò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Martin ló wó o, òun náà sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ààrò yàrá ìjókòó ṣì wà lókè ibẹ̀, ti yàrá ibùsùn wà lórí ìyẹn, bíríkì tó wúwo títí dé orí òrùlé. Ó pe Martin lórí fóònù.

"Kí ló gbé ààrò òkè dúró?"

Martin rọra fèsì. "Pákó ni mo fi gbé e. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún káńsù. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa gbé mi lọ."

"O mọ̀! O mọ̀, o wá ní kí n máa fojú ọ̀daràn wo Clive!"

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó dun Rosalind wọ egungun. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó padà síwájú ilẹ̀kùn Clive.

"Má sùn sí yàrá tó kan ògiri wa lálẹ́ òní."

"Kí ló dé?"

"Ògiri náà lè wó. Ilé tèmi ni wọ́n ti wó ààrò, kì í ṣe tìẹ. Martin ló ṣe é, ìwọ ni mo sì ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí." Ó na fóònù sí i. "Bá mi tẹ nọ́ńbà káńsù. Èmi fúnra mi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀."