Abijan Tí Mo Fẹnu Mọ̀

Aago mẹ́jọ àárọ̀... kí ni kí n ní ká ṣe ní aago mẹ́jọ? Ọjà Tireṣifíìlì, níbi tí mo ti ń ta abọ́. Ó dáa. Aago mẹ́wàá ńkọ́? Ọjà Tireṣifíìlì náà ni. Yéè! Nímọ́tà, o kú iṣẹ́. Ọmọ ní kí o mú òun rìn yí ìlú ká, o fẹ́ mú un ná ọjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Bébà nìyí níwájú mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà tí mo ń ṣà. Qàwíyyàt, ọmọ ọmọ mi, ló fi rúlà fa ìlà sí i, ó to aago sí apá òsì, ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo fún mi. Ìsọmọlórúkọ ló ń gbé wa lọ sí Abijan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kan péré la sì rí yọ fún ìgbafẹ́. "Màmá, ẹ bá wa ronú ibi tá a máa lọ. Tí mo bá ti ìlú Ara dé, ẹ máa pè é, màá máa kọ ọ́." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Kò ní pẹ́ dé mọ́... ọ̀nà Ara kì í ṣe ọ̀nà Mẹ́kà.

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ogún ọdún tí mo ti padà sí Ẹ̀jìgbò, ta ni n kò tíì fi ìròyìn Abijan da láàmú? Tí a bá kírun tán, Abijan. Níbi ìkómọ, Abijan. "Ẹ bi Ìyá Abijan, àwọn ló mọ̀ ọ́n." Èmi náà á sì máa wú. Mo ti ròyìn afárá tó dábùú ọ̀sà. Mo ti ròyìn ilé gogoro àdúgbò Pulató, èyí téèyàn ò lè wo òkè rẹ̀ kí gèlè má tú, àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó na apá bí èèyàn. Àfi bí ẹni pé èmi ni mo po sìmẹ́ńtì fún wọn!

Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Rárá o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gba orí afárá yẹn kọjá lójoojúmọ́. Àmọ́ kí n wò ó... pẹ̀lú igbá abọ́ lórí? Ta ní í ru abọ́ tánńganran tó ń wọ̀tún wòsì? Ọrùn mi nà ṣánṣán. Gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú mi ni mo mọ̀ lórí afárá yẹn. Ó yá, kí Qàwíyyàt kọ ọ́ síbẹ̀: aago méjìlá, wíwo bàtà àwọn èèyàn.

Kò ní fi mí rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú. Á kàn wò mí, á ní, "Kò burú, Màmá." Ọmọ tó ti gbà mí gbọ́ láti kékeré... N kò fẹ́ já lulẹ̀ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ilé gogoro yẹn, ta ló tiẹ̀ sọ fún mi pé dígí rẹ̀ ń dán? N kò gbójú sókè rí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó na apá—

Ràfíátù ni.

Ràfíátù lẹ́yìn mi, nínú ọ̀já. Ọmọ mi, ìyá Qàwíyyàt... kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Èmi ń wo iwájú, òun ń wo ẹ̀gbẹ́. "Ìyá, omi pọ̀!" "Ìyá, ilé yẹn ń dán!" "Ìyá, ẹ wò ó, ó nawọ́, ó fẹ́ gbé mi!" Èmi á ní, "Ẹn-ẹn, mo ti rí i." N kò rí nǹkan kan. Mo di gbogbo rẹ̀ bọ̀ wálé, mo sọ ọ́ di tèmi. Ojú ọmọ mi ni mo fi rí Abijan.

Ọmọ ọdún méjì ni Qàwíyyàt nígbà tí Ràfíátù lọ. Kò rántí ìyá rẹ̀ rárá. Fọ́tò kan ló ní.

Ẹ dúró ná... fóònù Qàwíyyàt ńkọ́? Ó ṣí i hàn mí lánàá: afárá, ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, títí kan iye owó ọkọ̀. Kí ló wá fẹ́ gbọ́ lẹ́nu arúgbó? Mo bi í náà. Kí ló sọ? "Màmá, èyí tó wà nínú fóònù kọ́ ni mo fẹ́. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa ń gbà nígbà tẹ́ ẹ bá pọn ìyá mi, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú mi gbà." Mo fetí gbọ́ ọ, n kò fọkàn gbọ́ ọ. Ìtìjú ti dí mi létí. Mo rò pé ìlú ló fẹ́ fi dán mi wò.

Ìyá rẹ̀ lọmọ yìí fẹ́ lọ wá. Kò sì sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó mọ ọ̀nà náà, àfi èmi.