Fire Wo Ni Ọ̀gá Ń Sọ?

Ọjọ́rú lọ́sàn-án ni Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ rí ìwé pélébé náà lára pátákó ilé iṣẹ́. Abọ́ àti ife ni wọ́n ń fi amọ̀ ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti máa kùn wọ́n lọ́dà. Àwọn ará ibẹ̀ ló sọ obìnrin náà ní Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, torí bí eṣinṣin bá tilẹ̀ bà lé e nímú, búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tíì lò. Òun àti ọkùnrin apomọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Gíga ni wọ́n jọ gbà síṣẹ́.

Ọ̀gá obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ ló kọ ìwé náà kó tó lọ sí ìrìn àjò. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́: "Fire the new ones on Friday. The old ones can stay."

Gẹ̀ẹ́sì Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí yé e. Àwọn tuntun, lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn àtijọ́ lè dúró. Èyí tó wá yé e jù ni "fire" yẹn, torí òun gan-an ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi lé e níbi iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á fò sẹ́yìn.

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi aṣọ iṣẹ́ wé wọn, ó kó wọn sápò, ó sì gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Bàbá mi, wọ́n tún ti lé mi."

"Ta ló lé ọ? Kí ni wọ́n sọ?"

Ó ka ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà. Bàbá gbé ọsàn kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó lọ gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan wá, èyí tó fi okùn so ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ ojú ewé lọ.

"Àkọ́kọ́, iná. Iná lásán tí a fi ń dáná. Ìyẹn lẹ̀gbọ́n, àwọn tó kù ń tẹ̀lé e ni. Ìkejì, kéèyàn yin ìbọn."

"Torí iná ló ń ti ẹnu ìbọn jáde."

"Ó kúkú yé ọ. Ìkẹta ni kí wọ́n lé òṣìṣẹ́." Ó yọ́ ojú wo ọmọ rẹ̀. "Ìyẹn ò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu àwọn òyìnbó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, 'discharge', tí wọ́n ń lò fún ìbọn yínyìn, tí wọ́n tún ń lò fún kí òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Ó jọ pé aláwàdà kan ló da méjèèjì pọ̀, ni wọ́n bá ń yin òṣìṣẹ́ bí ẹni ń yin ìbọn."

"Ìyẹn ni pé èmi ti di ọta ìbọn."

"Fara balẹ̀, ó ku kan. Kéèyàn fi ohun tí a fi amọ̀ ṣe sínú iná títí yóò fi le." Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lẹ ń ṣe níbi iṣẹ́ yín gan-an?"

Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ wo àpò búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ló bá tún wúwo.

"Bó bá wá jẹ́ ìkẹta yẹn ló ń sọ ńkọ́?"

"Abéèrè kì í ṣìnà. Bó bá di ọ̀la, bi wọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Bàbá Oníléru ló kọ́kọ́ yà sí. Àgbà òṣìṣẹ́ ni, òun ló ń mójú tó iná tí wọ́n fi ń sun abọ́. Ó ń gbá eérú lẹ́nu ìléru.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni màdáámù kọ ìwé ara pátákó yẹn sí?"

"Èmi ni."

"Àwọn tuntun wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ..."

Bàbá Oníléru nawọ́ sí pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ogójì abọ́ tí Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ kùn lọ́sẹ̀ yẹn ló tò síbẹ̀, ewé aláwọ̀ búlúù yí etí wọn ká.

"Àwọn yìí náà ni. Ọ̀la ni wọ́n ń wọná. Ẹni tó fẹ́ ra àwọn àtijọ́ ní ká pààrọ̀ ọ̀dà wọn, kí wọ́n ṣì wà ńlẹ̀. Tuntun mìíràn wo ló tún wà níbí?"

Bàbá Oníléru wo ojú Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ sùn-ùn, ó wo àpò tó gbá mọ́yà, ló bá fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Áà. O rò pé ìwọ ni."

"Èmi àti Gíga, sà."

"Gíga ò lè wọ ìléru yìí o, àfi ká ká a ní mẹ́ta."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Ó jókòó sórí àpò amọ̀ kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Láti àná kò tíì mí délẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wu màdáámù," ni Bàbá Oníléru wí jẹ́jẹ́. "Òun ló ní kí n fi tìrẹ ṣíwájú."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Gíga wọlé, amọ̀ kùn ún dé ìgúnpá. Obìnrin náà dìde, ó kí i bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ó bi í léèrè ìyàwó, ó bi í léèrè ọmọ. Gíga ń dáhùn, ó ń wo Bàbá Oníléru.

"Ṣé kò sí láburú, ẹ̀gbọ́n?"

"Kò sí nǹkan kan," ni obìnrin náà wí. "A ṣì jọ wà níbi iṣẹ́, mo kàn ní kí n kí ọ ni."