Sálúbàtà Orí Àpótí

Ẹ má pè mí lólè o! Èmi Mangalam, ogún ọdún ni mo ti ń dáná nílé Bàbá Ekambaram, olùkọ́ ẹ̀mí ní ìlú Tenkasi ní Íńdíà, mi ò mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ ọdún àwọn olùkọ́, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bàbá ní kí n gbé sálúbàtà rẹ̀ wọlé, ká lè máa forí kàn án láti fi júbà rẹ̀. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà bámúbámú, ìdílì mi, oúnjẹ ìrẹsì tí mò ń sè, sì wà lórí iná. Mo kàn he èyí tó gbó jù, torí Bàbá kì í ra tuntun. Wọ́n gbé e ka orí àpótí, wọ́n fi atalẹ̀ pupa kùn ún, wọ́n to òdòdó sí i.

Kothandam, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ló fẹ́ràn ẹ̀ jù. Ọ̀gá sítéṣọ̀n rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Dókítà ti ní kò lè ju ọdún kan lọ mọ́, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá: kó mọ ẹni tí òun jẹ́ kó tó kú. Àràárọ̀ ló ń forí kan sálúbàtà yẹn. Lóṣù kẹta ló ní, "Mangalam, ọkàn mi balẹ̀. Irú ẹ̀ ò ṣe mí rí láyé." Mo sunkún, èmi tí àlùbọ́sà ò rí mú.

Àfi bí Sudalai tó ń gbé mílíìkì wá fún wa ṣe wá mi dé yàrá àdúrà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ló bá figbe ta.

"Yéè! Sálúbàtà mi rèé! Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń na ajá mi pé òun ló gbé e!"

"Irọ́ ni!" Kothandam ló dáhùn.

"Irọ́ kẹ̀? Ẹ wo rọ́bà kẹ̀kẹ́ tí mo fi lẹ tòsì. Ìgbẹ́ màlúù mi lẹ̀ ń gbóòórùn láràárọ̀ yẹn, ọ̀gá!"

"Mo rò pé tùràrí ni," ni Kothandam wí, ó bá jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó bú sẹ́kún. "Ìbàlẹ̀ ọkàn mi, irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Màá kú láìmọ nǹkan kan."

Ojú tì mí bíi kí n kú. Bàbá gbọ́ ariwo, ó dé ẹnu ọ̀nà, sálúbàtà tirẹ̀ gan-an wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

"Kothandam, nígbà tó o ń forí kàn án, ẹsẹ̀ ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sẹ́sẹ̀ kankan, Bàbá."

"Ṣé Sudalai ló fún ẹ ní ìbàlẹ̀ ọkàn?"

"Èmi?" Sudalai pariwo. "Èmi ò tíì rí fún ara mi!"

"Ṣé èmi ni?"

"Ẹ ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, Bàbá."

"Ta ló wá kù nínú yàrá?"

Kothandam fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omijé lójú.

"Bàbá, kí wá niṣẹ́ tiyín?"

"Kí n bi ẹ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Kothandam níwájú àpótí òfìfo, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ara ẹ̀ balẹ̀ ju tàná lọ. Sudalai ni kò rójú: ó ní òun ò lè wọ ohun tí wọ́n to òdòdó sí wọ inú ìgbẹ́ màlúù mọ́. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn báyìí, ó sì ń bẹ ajá ẹ̀ láràárọ̀. Ajá ò tíì dá a lóhùn.