Àádùn Nínú Dísíkò

Ìbòrí ló kó bá Waliyat. Ká ní ìbòrí orí rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ síbi tó wé e sí láàárọ̀ Sátidé yẹn, kò sí ohun tí ì bá da òun àti oúnjẹ dísíkò ilé ìwé ọmọ rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí nínú ìpàdé àwọn òbí, níbi tó máa ń jókòó sí, kò sì sọ nǹkan kan, bí kì í ti í sọ nǹkan kan. Níwájú, àwọn ìyá ń fa ọ̀rọ̀ oúnjẹ ya bí aṣọ ọjà gbàǹjo. Ẹnì kan ní písà. Ẹnì kejì ní wàràkàṣì inú písà máa ń da ọmọ òun nínú rú. Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú yan ẹran, bàbá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì bi í bóyá àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe dísíkò fún àbí àwọn dírẹ́bà wọn. Olùkọ́ àgbà, tí ọ̀rọ̀ ti sú, ní ohun tí òun fẹ́ kò ju oúnjẹ tó rọrùn lọ: kò gbọ́dọ̀ gba abọ́, kò gbọ́dọ̀ gba ṣíbí, kí ọmọ lè fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́ kó sì fi ìkejì jó.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí ìbòrí Waliyat fi yọ̀. Ó nawọ́ sókè láti tún un ṣe.

“Ẹ ṣeun o, Mọ́mì Ṣèyí,” ni alága wí. “A ti rẹ́ni ṣe é.”

Kí Waliyat tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọlákẹ́mi ni orúkọ alága yìí. VGC, àdúgbò àwọn olówó, ló ń gbé, gbogbo ilé ìwé sì ń pè é ní Mọ́mì Níyì nítorí Olúwafúnminíyì ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá ju etí rẹ̀ lọ ni. Waliyat ní tirẹ̀, kọ́tíìnì ló ń rán ní Ajah. Ó ti rán kọ́tíìnì fún ogún ilé ó lé ní VGC yẹn, kò sì tíì sí pálọ̀ kan tó wọ̀ níbẹ̀ láìgbé àkàbà dání.

Ká ní ti ara rẹ̀ nìkan ni, ì bá lọ bá alága kó sọ fún un pé ìbòrí ló nawọ́, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n Ṣèyílọ́lá ń bẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Láti ìgbà tí Waliyat àti Fàtíù ọkọ rẹ̀ ti mú un kúrò nílé ìwé Lakowe wá síbí, sáà méjì gbáko, kò tíì bá ẹnikẹ́ni dọ́rẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló bá ṣeré, á ní àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá bi í pé àwọn ọmọ wo, á ní àwọn ọmọ náà. Lọ́jọ́ tó gbọ́ pé ìyá òun ló ń pèsè oúnjẹ dísíkò, ó pa ìwé tó ń kà dé, ó sì wò ó títí.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe nǹkan tí wọ́n á bá mi jẹ.”

Kò sọ pé nǹkan tí wọ́n á jẹ. Bá mi jẹ, ló wí. Ọ̀rọ̀ bíńtín yẹn wọ Waliyat lára, kò sì rí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tẹ̀ dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ojú rán kan wọ́, ó tú u. Ó tún un rán, ó tún wọ́.

Nígbà tó sú u, ó fi fóònù ránṣẹ́ sí alága, ó bèèrè ohun tí òun máa ṣe. Lójoojúmọ́, òyìnbó ni Mọ́mì Níyì fi ń kọ̀wé sí àwọn òbí. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí òun yẹ́ Waliyat sí, ó fi Yorùbá kọ ọ́, Yorùbá orí fóònù tí kò ní àmì kankan lórí, tó wà ní ìhòòhò bí ọjọ́ tí wọ́n bí i:

“E ma beru ma. Nkan to rorun ni ke se. Aadun.”

Waliyat kà á, ó gbé e fún Fàtíù, nítorí Fàtíù yege nínú Yorùbá nígbà ìdánwò àṣejáde, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa rántí. Fàtíù fojú sún mọ́ fóònù bí adájọ́. Ó ní gbólóhùn àkọ́kọ́ ta kókó díẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé kí Waliyat má bẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé kó máa bẹ̀rù lọ. Ṣùgbọ́n ti ìkẹyìn kò ní awuyewuye. Obìnrin náà ní kí wọ́n ṣe nǹkan tó rọrùn, ó sì ti dárúkọ rẹ̀.

“Àádùn,” ni Fàtíù wí. “Ó mọ nǹkan tó dáa, obìnrin yẹn.”

Ọkàn Waliyat fúyẹ́ bí ẹni pé wọ́n sọ àkàbà kalẹ̀ fún un. Àádùn tó ti ń rí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti kékeré! Ó yan àgbàdo gbígbẹ, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi epo pupa àti iyọ̀ pò ó, ó dín ata kù nítorí ọmọ, ó fi ṣúgà díẹ̀ bá a rẹ́, ó sì fi ewé dì í ní wẹ́wẹ́. Kò gba abọ́, kò gba ṣíbí. Kì í yọ́, kì í ní kí wọ́n tún òun gbé kaná. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán Jímọ̀, ọjọ́ dísíkò, kúlà ńlá méjì ti kún.

Gbogbo ọmọ ló wọ funfun lọ́jọ́ náà, nítorí iná búlúù tí díjéè gbé wá ń mú kí funfun tàn yanran. Ti Ṣèyí ṣì ń run òórùn ọ̀rá tí wọ́n kó o sí. Mọ́mì Níyì fúnra rẹ̀ wọ léèsì funfun. Ó ṣí kúlà kìíní, ó pa á dé. Ó ṣí ìkejì, bóyá ìyẹn á ṣàánú òun.

“Mọ́mì Ṣèyí, kí lèyí?”

“Àádùn ni, mà.”

“Mo mọ̀ pé àádùn ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe àádùn?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

Waliyat na fóònù sí i. Mọ́mì Níyì kà á sókè bó ṣe ní in lọ́kàn: nǹkan tó rọrùn ni kẹ́ ẹ ṣe, áá dùn. Ó tún un kà. Nígbà kẹta, ohùn rẹ̀ yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ó sì bọ́ sínú àádùn gbáà. Olùkọ́ àgbà gba fóònù náà, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní àwọn méjèèjì ló jàre, ṣùgbọ́n alága ló yẹ kó lọ kọ àmì ohùn nígbà ọgọ́rùn-ún.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Epo pupa ni epo pupa ń jẹ́, aṣọ funfun sì pọ̀ ní họ́ọ̀lù bí ẹyẹ lékeléke. Mọ́mì Níyì bẹ Waliyat kó má bínú, ó ti kúlà méjèèjì sábẹ́ tábìlì, ó fa aṣọ tábìlì bò wọ́n, ó sì bá dírẹ́bà rẹ̀ jáde láti lọ ra gúgúrú.

Waliyat jókòó ti tábìlì náà bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo ọmọ rẹ̀. Ṣèyí fẹ̀yìn ti ògiri nítòsí ẹ̀rọ orin. Díjéè ní kí gbogbo ọmọ gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wọn gbé e. Ṣèyí gbé tirẹ̀ dé èjìká, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra gbé e sílẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Waliyat dìde pé kí òun mú ọmọ òun lọ sílé.

Kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, Ṣèyí ti kọjá lára rẹ̀, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ. Ebi ń pa á. Ó jáde pẹ̀lú àádùn kan, ó tú ewé, ó ń jẹ. Olúwafúnminíyì dúró níwájú rẹ̀.

“Kí lò ń jẹ?”

“Àádùn.”

“Mi ò bi ẹ́ bóyá áá dùn. Kí lò ń jẹ?”

“Àádùn ni mo sọ.”

“Mo ti gbọ́, ó máa dùn. Kí lorúkọ ẹ̀?”

Ṣèyí wò ó. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú àádùn tó kún un, ó wọ́n sílẹ̀, ẹ̀rín náà ran Níyì láìmọ ohun tó ń rín sí. Ṣèyí bu ìdajì fún un.

“Tọ́ ọ wò, wàá morúkọ ẹ̀.”

Níyì tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí gbogbo ọmọ ń ṣe: ó nu ọwọ́ mọ́ àyà. Epo ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sára aṣọ funfun náà pẹ̀lú ìka márààrún. Lábẹ́ iná búlúù, ó dúdú dáadáa, bí ìgbà tí wọ́n fi làálì tẹ̀ ẹ́. Waliyat káwọ́ lérí. Ọmọ náà wo àyà rẹ̀, ó ronú, ó sì yíjú sí Ṣèyí.

“Wá tẹ tìẹ síbí.”

Ṣèyí tẹ̀ ẹ́. Níyì tẹ tirẹ̀ sẹ́yìn Ṣèyí. Ọmọkùnrin kan ní kí wọ́n tẹ òun náà, wọ́n ní àfi bó bá kọ́kọ́ jẹ àádùn. Ká tó wí ká tó fọ̀, ìlà ti tò dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọmọ nìkan ló kù tó ń hàn lábẹ́ tábìlì, díjéè sì ń lu orin fún ara rẹ̀. Ṣèyí ló ń tú ewé. Òun ló ń pín in.

Mọ́mì Níyì wọlé pẹ̀lú páálí gúgúrú láyà. Ó rọra ní òun gbé. Níyì sáré lọ dì mọ́ ọn níbàdí, ọwọ́ méjèèjì sì wà lórí léèsì. Díjéè rẹ orin sílẹ̀. Waliyat ti ń wo ọ̀nà fèrèsé.

“Mọ́mì Ṣèyí.”

“Mà.”

“Ṣé ó kù?”

Ó ku mẹ́ta. Mọ́mì Níyì gbé páálí fún dírẹ́bà, ó jókòó lé kúlà tó ti ṣófo, ó tú ewé, ó jẹ. Ó ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Níyì, tí wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu, ni òun ti rí àádùn kẹ́yìn, ọjọ́ yẹn gan-an àwọn àgbà kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ. Waliyat jókòó lé kúlà kejì, ó ní kó má ṣèyọnu lórí léèsì, pé bí wọ́n bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sójú oòrùn líle, epo pupa kì í bá oòrùn jà pẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sórí aṣọ, ó bọ́ sórí kọ́tíìnì, ó bọ́ sórí ọmọ.

Nígbà tí àwọn dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè níta, Waliyat gbé kúlà kan lé ìkejì, ó pe Ṣèyí kí wọ́n máa lọ. Àárín ọmọbìnrin márùn-ún ni ọmọ náà wà, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ kìkì ọwọ́. Kò tilẹ̀ yíjú.

“Mọ́mì, ẹ ní sùúrù, a ò tíì sọ̀rọ̀ tán.”

Waliyat tún sọ kúlà kalẹ̀, ó sì jókòó.