Arẹwà Méjì Nínú Agboolé Kan

Àkùkọ méjì já lu ara wọn, wọ́n sì já lu Àtọ́kẹ́. Kí ìyá àgbà náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àmù, ìyẹ́ adìẹ lẹ́nu, gèlè lọ́rùn.

"Ẹ wo ìdí tó bímọ méje!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Òun náà ni àkùkọ sọ di ìgbálẹ̀."

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Àkùkọ ti pọ̀ jù nínú agboolé wọn ní Bẹyẹrúnká. Ní ọdún yẹn, akọ ṣáá ni àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ ń pa. Akọ wá ń gun abo títí ẹ̀yìn abo fi pá. Abo kò yé mọ́, èyí tó yé kò ráyè sàba. Irú adìẹ tí Àtọ́kẹ́ ti ń ṣà láti ìgbà ìyàwó rẹ̀, irú tí í sàba bí òkúta, tí í sì lé àwòdì, ti fẹ́ parun lójú rẹ̀. Oyèdélé alájàpá ń bọ̀ lọ́sàn-án láti kó àkùkọ sínú àgò, kó bá rélùwéè gbé wọn lọ Èkó. Ọ̀kan péré ni yóò kù nílé. Èwo?

Ọkàn rẹ̀ ti mú gàgàrà kan tó pupa bí epo, tí ogbe rẹ̀ dúró bí adé. Lábẹ́ ahọ́n, Arẹwà ló ń pè é. Ẹwà a máa pa Àtọ́kẹ́ bí ọtí. Ṣebí eyín funfun ló tìtorí rẹ̀ fẹ́ ọkọ.

Ó da àgbàdo sílẹ̀. Arẹwà ta gbogbo abo nípàá, ó ń gbé e mì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kúkúrú kan tí ọrùn rẹ̀ pá rí hóró kan. Kò jẹ ẹ́. Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ń ké "kọ́-kọ́-kọ́" títí àwọn abo fi sáré dé. Àtọ́kẹ́ ju òmíràn sí i. Ó tún pè wọ́n. Arẹwà fò wá láti gbà á; kúkúrú náà na ọrùn pípá, ó dúró gbọin láàárín.

"Áà! Ọkùnrin nìyí!" Àtọ́kẹ́ dìde, ó gbàgbé ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀. Ó kọjú sí gàgàrà, ohùn rẹ̀ sì gba agboolé kan: "Arẹwà, ó tó gẹ́ẹ́! O ń dá jẹ, o ń dá mu, àwọn tó o kó jọ ń rù. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òní ni n ó lé ọ nílé yìí!"

Oúnjẹ há ẹnìkan lọ́fun lẹ́yìn ògiri.

Gàníyù, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó máa ń ti ilẹ̀kùn jẹun, yọ jáde, àwo ẹran lọ́wọ́, ọbẹ̀ ní irùngbọ̀n. Ni Àtọ́kẹ́ bá rántí orúkọ tó fi kígbe. Ọmọdé ni Gàníyù nígbà tí wọ́n gbé òun níyàwó wọlé. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ìnagijẹ tó fún un nítorí ẹwà rẹ̀ ni Arẹwà.

"Ìyàwó," ohùn Gàníyù ti rọ̀, "ṣé ó ti wá burú tó báyẹn? Kúlúsúmù ló fẹjọ́ mi sùn, àbí?"

Àtọ́kẹ́ lanu láti sọ pé àkùkọ ni. Ó wo àwo ẹran náà. Ó wo Kúlúsúmù, ìyàwó Gàníyù, tó ń ṣẹ́ igi lókèèrè, tí egungun ọrùn rẹ̀ ṣeé kà.

"Ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ sùn, ọkọ mi. Ojú mi ni mo fi rí i."

Lọ́sàn-án, Oyèdélé ki àkùkọ Arẹwà bọ àgò, ó ń wo èyí tó kù. "Ìyá, ẹ ta ọba, ẹ wá fi ọrùn-pípá yìí sílẹ̀?"

"Tètè gbé e lọ, kí ojú mi tó tún ṣì mí lọ́nà!"

Nígbà tí oòrùn rọ̀, kúkúrú náà rí ikán, ó sì bẹ̀rẹ̀: kọ́-kọ́-kọ́. Lápá kejì agboolé, ilẹ̀kùn kan dún. Ohùn ọkùnrin tẹ̀lé e, ó ń ta kókó bí ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun: "Kúlúsúmù... kó àwọn ọmọ wá. Ẹ wá jẹun."

Àtọ́kẹ́ ki etí ìró bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ọ̀hún kò wá mọ́.

Orúkọ kan ti bọ́ sí i lọ́kàn fún àkùkọ kékeré yìí: Apenijẹun. Ó ti fẹ́ pè é sókè. Ó wo ilẹ̀kùn Gàníyù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó sì gbé orúkọ náà mì. Ẹlòmíràn lè wà tí yóò jẹ́ orúkọ ọ̀hún.